Ṣíbí méjì nínú báàgì ọmọ: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin tí à ń gbà fún ọmọ lóúnjẹ, àti èyí tó ń kọ́ ọ láti dá jẹun

Kò tíì lu agogo mẹ́jọ àárọ̀ tí àwọn ìyá fi máa ń dé ẹnu ọ̀nà jẹ́lé-ó-sinmi wa ní Àgbówó, n'Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ fún mi, báàgì ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, torí ohun tí mo bá bá níbẹ̀ ló ń sọ fún mi bí ọmọ náà ṣe ń jẹun nílé. Nínú báàgì kan, fídà méjì ni, ògì ṣíṣàn kún inú wọn. Nínú òmíràn, fúláàsì kékeré, abọ́ kan àti ṣíbí kan. Ìyá kẹta di ègé iṣu sísè àti ẹyin sínú ike. Ìyá kẹrin kò di nǹkan kan. Ó ní wọ́n ti rọ ọmọ náà yó kó tó kúrò nílé, ojú ọmọ sì ti wú fún ẹkún.

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ wọn. Gbogbo wọn náà ló máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà tó bá yá: "Àǹtí, ìgbà wo gan-an ni ọmọ yìí máa dá jẹun?" Ọmọ tó ń lọ sí ọdún méjì ni ẹlòmíràn ń sọ. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ni yóò ṣe rí ní ọdún kejì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n, kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mú èyí tó bá ilé rẹ̀ mu.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ká tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ká sọ̀rọ̀ àkókò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ló yẹ ọmọ títí oṣù 6 á fi pé. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ á wá kún ọmú, ọmú á sì máa bá a lọ títí ọmọ á fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tó. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé ọrùn rẹ̀ ti le? Ṣé ó lè jókòó bí ẹ bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn? Ṣé ó ń nawọ́ sí oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín? Bí ẹ bá fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ṣé ó ń gbà á wọlé, àbí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń tì í jáde?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ewu: kí oúnjẹ má há ọmọ lọ́fun, kó má gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó má sì kó àrùn bá a. Èkejì ni ohun tó ń wọ inú rẹ̀ gan-an. Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, iron tó kó wá láti inú ìyá rẹ̀, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ti ń tán lọ, ọmú nìkan kò sì lè dí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, àti àkókò, àti ẹni tí yóò wà nídìí ọmọ nígbà tó bá ń jẹun. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí: kí ni ọwọ́ àti ẹnu ọmọ ń kọ́ nínú oúnjẹ náà? Lẹ́yìn ewu, òun ni mo gbé ga jù.

Fídà

Mo mọ ìdí tí ìyá fi ń yàn án. Ìyá tó ní ìsọ̀ ní Bódìjà, tó gbọ́dọ̀ dé ọjà kí wọ́n tó já ẹrù tòmátì tán, kò rí àyè jókòó ti abọ́ láàárọ̀. Fídà á wọ báàgì, kò ní dà, ọmọ á sì dì í mú fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tàn wá jẹ. A rí ọmọ tó di ìgò mú, a ní ó ti ń dá jẹun. Kò dá jẹun o. Ó ń fà á ni, bó ṣe ń fa ọmú. Kò rún nǹkan lẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ kò yí nǹkan sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí oúnjẹ ṣe rí.

Ẹ wo ògì náà fúnra rẹ̀. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì da èérí rẹ̀ nù ni. Púpọ̀ nínú ohun tó dára nínú àgbàdo ti bá omi àti èérí lọ kí ògì tó délé. Kó tó lè gba ihò fídà kọjá, a tún ní láti bomi là á. Mo ti rí ẹni tó fi abẹ́ la orí fídà kí ògì lè máa sáré jáde, ìyẹn tún burú sí i, torí ó lè ya lu ọmọ lọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn á kún, ara kò ní rí nǹkan mú. Orí fídà sì ní kọ̀rọ̀ tí kànrìnkàn kì í dé. Ògì tó bá gbẹ síbẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń jẹ, ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń bí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ máa sè é nígbà gbogbo, owó gáàsì tàbí kẹrosíìnì rẹ̀ sì ń kó jọ láìsí ariwo.

Ife kékeré tí kò ní ìdérí dára jù ú lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè mu omi tàbí ọmú tí a fún sílẹ̀ nínú ife bí a bá bá a dì í mú. Díẹ̀ á dà sí i láyà, ṣùgbọ́n ife rọrùn láti fọ̀, ó sì ń kọ́ ètè rẹ̀ níṣẹ́.

Rírọ ọmọ

Mi ò ní pe ẹni tó ń rọ ọmọ ní ìkà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sí orí itan, orí rẹ̀ á fi sẹ́yìn, wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sí i lẹ́nu bí ọ̀kọ̀tọ́, wọ́n á da ògì sí i. Bí kò bá gbé e mì, wọ́n á di í nímú. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, àti ìbẹ̀rù pé ebi á pa ọmọ. Ó yá, kò náni lówó, abọ́ ògì kan sì lè tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́fun. Ọmọ tó ń sunkún ń fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú agbára, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà lè bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà lè ti ibẹ̀ wá, ọmọ sì lè kú. Kò sí àǹfààní kan lára rírọ tó tó ewu yìí.

Ìyá àgbà kan tó máa ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá wa sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Ìyá tíṣà, bí a ò bá rọ ọ́, ebi á pa á. Kì í lanu." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún un lóúnjẹ lónìí, kí ẹ máa wò." Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ náà nígbà náà. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti nu imú rẹ̀ lásán, á ti yíjú, á ti fi orí sá sẹ́yìn. Ọwọ́ ló ń bẹ̀rù, kì í ṣe oúnjẹ. Mo fi ṣíbí kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, mo sì dúró. Ó wo ṣíbí, ó wo mi. Ọjọ́ yẹn, ṣíbí mẹ́ta péré ló gbà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó máa lanu fúnra rẹ̀ bó bá rí abọ́. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rí i, ó pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí, mi ò fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó yàn án.

Ṣíbí lọ́wọ́ ìyá

Èyí ni ilé ìwòsàn sábà máa ń kọ́ wa lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì dára. Agbára rẹ̀ ni pé ẹ lè kó ohun tó lágbára sínú ṣíbí kékeré kan. Ògì tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá dorí ṣíbí kọ, kò ní ṣàn dànù, ẹ bu edé lílọ̀ tàbí ẹja lílọ̀ sí i, tàbí sóyà, tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, kí ẹ kán epo pupa díẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì tilẹ̀ ti ṣe ògì tó ní sóyà nínú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ògì nìkan kò gbé ọmọ ró. Àwa ará Ìbàdàn sì ti ní oúnjẹ ọmọ nínú ìkòkò wa láìmọ̀. Gbẹ̀gìrì tí ẹ bù sọ́tọ̀ kí ata àti iyọ̀ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ há a, kò sí ike ìpápánu ọmọ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó tó o, owó rẹ̀ kò sì tó tiwọn. Fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹran lílọ̀ àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí ká.

Bí a ṣe ń fi ṣíbí fún un ló yàtọ̀. Ẹ jókòó kojú rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tó bá lanu. Bó bá yíjú tàbí tó pa ètè dé, ẹ simi díẹ̀, kí ẹ tún fi lọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti yó nìyẹn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ tòun kì í bá oúnjẹ jà.

Ibi tó kù sí ni pé kò ní òpin bí a kò bá fún un lópin. Mo mọ ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ń fi ṣíbí lé kiri páàlọ̀, tàbí tí wọ́n ń gbé fóònù sí níwájú kó lè lanu láìmọ̀. Ìyá tún máa ń lọ oúnjẹ kúnná ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ tí kò bá mọ oúnjẹ tó ní kókó díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kọjá oṣù mẹ́wàá sábà máa ń ṣòro láti fi oúnjẹ ilé fún lẹ́yìn náà. Nítorí náà, láti bí oṣù 7 tàbí 8, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ iṣu náà, kí ẹ má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ mọ́.

Ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gill Rapley ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ: láti oṣù mẹ́fà, kò sí lílọ̀, kò sí ṣíbí, ẹ gbé oúnjẹ rírọ̀ síwájú ọmọ kó mú un fúnra rẹ̀. Fún Yorùbá tó ń fi ọwọ́ jẹ òkèlè, kò yẹ kó ṣàjèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Ọmọbìnrin oṣù mẹ́jọ kan ní ọ̀dọ̀ wa gba ègé ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò ní ata. Ó kọ́kọ́ fún un pọ̀. Ọ̀ọ̀lẹ̀ gba àárín ìka rẹ̀ yọ, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni rí ohun ìyanu. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ọrùn ọwọ́ ló lá. Ó tún gbìyànjú, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni díẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ó sì dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, fídà kò lè kọ́ ọ láéláé.

Ègé náà gbọ́dọ̀ gùn tó ìka àgbàlagbà, kó lè yọ lókè ìkúùkù ọmọ, torí ọmọ oṣù mẹ́fà kò mọ bí a ti ń la ọwọ́ láti mú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé bí ẹ bá fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Iṣu sísè, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, píà, ìbẹ́pẹ, ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹyin tó jinná dáadáa, ẹja tí ẹ ti fi ọwọ́ tú egungun rẹ̀ dànù. Tó bá fi máa pé bí oṣù mẹ́sàn-án, á ti máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣa nǹkan wẹ́wẹ́, ìgbà náà ni ẹ lè gé e kéré.

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn gbogbo ìyá ni pé á há a lọ́fun. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ New Zealand tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 lórí ọmọ 206 fi hàn pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun, tí wọ́n ti kọ́ òbí wọn ní ohun tó léwu, oúnjẹ kò há wọn lọ́fun ju àwọn tí wọ́n ń fi ṣíbí fún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: wọ́n kọ́ òbí wọn. Ẹ̀pà oníhóró, gúgúrú, àgbọn, kókóró, súìtì, kóró àgbálùmọ̀, kárọ́ọ̀tì àti ápù tútù kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ kékeré. Oyin kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan, nítorí májèlé kan tó lè ti inú rẹ̀ jáde nínú ìfun ọmọ. Òkèlè tó dì gírígírí, tí àgbàlagbà ń gbé mì láìjẹ, kì í ṣe tirẹ̀. Àmàlà rírọ̀ tí ẹ fi ewédú yọ́, bíńtín bíńtín, ló lè gbà.

Ẹ tún mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ tó ń húkọ́, tó ń pariwo, tó pọ́n lójú, tó ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ara rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ padà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun ní tòótọ́ kì í lè pariwo. Á dákẹ́, ètè rẹ̀ á máa dúdú. Bí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan sì máa wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu.

Ti owó: oúnjẹ ilé ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ìdajì á wà nílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì àkọ́kọ́, aṣọ fífọ̀ á sì pọ̀. Ti àkókò: ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó má ṣe máa gúnyán lọ́wọ́. Ti ara ọmọ: bó bá jẹ́ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni ẹ ń gbé síwájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó. Ìyẹn ni mi ò fi gbà pé kí ìyá ju ṣíbí nù pátápátá.

Ohun tí à ń ṣe ní ọ̀dọ̀ wa

A ń lo ṣíbí méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ. Mo ń fi tèmi fún un ní gbẹ̀gìrì àti ẹja, ó ń fi tirẹ̀ lu abọ́, ó ń tì í bọ ẹnu láìsí nǹkan lórí rẹ̀. Ègé iṣu wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ja tèmi gbà, mo fi sílẹ̀ fún un, mo mú tirẹ̀. Láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ṣíbí á máa yí dà kó tó dé ẹnu; tó bá ń lọ sí ọdún méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa jẹ ẹ́ tán fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ń kọ́? Àwọn bàbá ń bínú sí i gan-an. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ọwọ́ tó bá sún mọ́ oúnjẹ ló ń nà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má lù ú lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n lù nídìí oúnjẹ á dẹ́kun nínawọ́ rárá.

Àga gíga ọmọdé dára bí owó bá wà. Bí kò bá sí, ẹní nílẹ̀, ẹ̀yìn ọmọ sí àyà yín, kó jókòó gbọọrọ, ó tó. Kó má ṣe dùbúlẹ̀ jẹun, kó má sì jẹun lẹ́yìn ìyá tàbí nínú ọkọ̀ Micra tó ń jó lójú títì. Ọwọ́ yín àti ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ ni.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ọjà tàbí ọ́fíìsì láàárọ̀, tí ẹlòmíràn sì ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án: ṣíbí láàárọ̀, torí ó yá, ọwọ́ ọmọ lálẹ́ nígbà tí ẹ bá ti délé, nígbà tí ẹ ń jẹun tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ kékeré ló wà pẹ̀lú ọmọ, ṣíbí nìkan ni kó lò. Ẹ má fi ègé oúnjẹ lé ọmọdé lọ́wọ́ kó fi ṣọ́ ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tàbí tí ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ yín, tó sì ti gbà láti má rọ ọmọ: ọwọ́ ọmọ ni kó ṣíwájú, kí ṣíbí máa fi ẹ̀wà àti ẹja tì í lẹ́yìn. Ìyá ìbejì, ẹ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Bí Táíwò ṣe ń gba ṣíbí, kí Kẹ́hìndé máa bá ègé tirẹ̀ jà, kí ẹ wá yí i.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tàbí tí kò tíì lè jókòó, tàbí tó máa ń húkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé nǹkan mì, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè: ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí dókítà ọmọdé wò ó, yálà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tàbí ní ilé ìwòsàn ọmọdé Oni Memorial ní Ring Road.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo fídà, ẹ kò ní láti dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ yọ ògì kúrò nínú rẹ̀, kí ògì di ti abọ́. Ẹ wá fi ife rọ́pò rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ fi ti alẹ́ ṣe ìkẹyìn. Bí ẹ bá sì ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa lọ́la, ẹ fi ṣíbí kejì sínú báàgì, kí ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.